Ẹ Ka Ẹ̀yìn Gálọ́ọ̀nù Kí Ẹ Tó Rọ Ọ́ìlì

Ọjọ́ Sátidé kan ni a gbéra ní Kumasi, à ń lọ sí Techiman fún ìsọmọlórúkọ. Màámi jókòó níwájú, àwọn ọmọ wà láàárín, ẹrù aṣọ tí Màámi fẹ́ tà sì kún ẹ̀yìn ọkọ̀. A kò tíì dé Offinso tí ọmọ wa àgbà fi pariwo pé, "Ẹ wo èéfín lẹ́yìn wa!" A wo dígí. Èéfín aláwọ̀ búlúù ló ń tẹ̀ lé wa. Ọkọ̀ kò fẹ́ gun òkè mọ́, ó sì ń súfèé. A yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, a pa ẹ́ńjìnnì, a fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ. Ó gbẹ táútáú.

Màámi àti àwọn ọmọ wọ ọkọ̀ mìíràn lọ. Àwa méjèèjì dúró ti ọkọ̀ títí wọ́n fi wá fà á padà sí Kumasi.

Pajero ayé àtijọ́ ni ọkọ̀ wa, oní-dísẹ́ẹ̀lì tó ní tọ́bò. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ síléèwé, òun náà ló ń gbé ọjà Màámi lọ sí Kejetia. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ilé wa kò ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Suame Magazine ni wọ́n fà á lọ. Magazine yìí kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí o! Ilé ìkóhun-ìjà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni orúkọ náà ti wá. Àdúgbò ńlá ni, tó kún fún àwọn fítà, èyí tí àwa ará Nàìjíríà ń pè ní mẹkáníìkì, àwọn ajórin àti àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ní ọdún 1980, Yunifásítì KNUST tilẹ̀ gbé ibùdó kan tí wọ́n ń pè ní ITTU kalẹ̀ níbẹ̀, kí ìmọ̀ ẹ̀rọ lè máa ti yunifásítì dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́.

Bàbá fítà kan tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń pè ní Máàsítà ló tú tọ́bò náà. Wọ́n fi ọwọ́ kan ọ̀pá tín-ínrín tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n ní èéfín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí ọ̀pá yẹn kí ó lè fẹ́ atẹ́gùn wọlé. Ó lè yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sì gbé e dúró. Bí ọ́ìlì bá ti burú, irin àti irin á máa jẹ ara wọn, ọ́ìlì á sì máa jò wọ ibi tí yóò ti jóná. Èéfín búlúù tí a rí nìyẹn.

Wọ́n wá bi wá pé, "Ọ́ìlì wo lẹ ń lò? Kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀?"

Ojú tì wá. Ó ti lé lọ́dún kan tí a ti ń ra ọ́ìlì tí wọ́n ń fà láti inú dúrọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Inú ike omi ni wọ́n ń rọ ọ́ sí fún wa. Orúkọ omi ló wà lára ike náà! Àwa tí a ń fi ìwé kíkà jẹun, tí a ń tún ìwé oníwèé ṣe, a kò béèrè ohun tó yẹ kí a kà. Owó tọ́bò tí a san tó ohun tí a ì bá fi pààrọ̀ ọ́ìlì gidi fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Láti ọjọ́ náà, ohun méjì ni a máa ń kà lára gálọ́ọ̀nù. Èkíní ni nọ́ńbà SAE. Lára 15W-40, 15W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, 40 sì ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ó bá gbóná. Kumasi kì í tutù púpọ̀, nítorí náà 15W-40 tó fún irú ọkọ̀ wa. Àwọn kan máa ń rọ ọ́ìlì tó ki gan-an sínú ọkọ̀ tó ti gbó, wọ́n rò pé yóò dín èéfín kù. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ki jù kì í tètè dé ọ̀dọ̀ tọ́bò láàárọ̀, ìgbà yẹn gan-an ni tọ́bò sì nílò rẹ̀ jù.

Èkejì ni lẹ́tà API. S ni ti ẹ́ńjìnnì oní-pẹtiróòlù, C ni ti dísẹ́ẹ̀lì. CF-4 jáde ní ọdún 1990, CH-4 ní 1998, CI-4 ní 2002. Èyí tó bá jáde lẹ́yìn sábà máa ń dára ju ti ìṣáájú lọ fún ọkọ̀ àtijọ́. CH-4 tàbí CI-4 ni àwa ń rà, lọ́wọ́ ẹni tí a mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a sì máa ń wò ó bóyá wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀ rí.

Ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ dúdú dẹ́rù bà yín. Ọ́ìlì dísẹ́ẹ̀lì máa ń dúdú kíá, nítorí pé ó ń kó èédú tó wà nínú ẹ́ńjìnnì mọ́ra. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Iye ibi tí ọkọ̀ ti rìn dé ni kí ẹ máa kà. Kí ó tó di oṣù keje ọdún 2017, dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kó wọ Ghana lè ní imí-ọjọ́ tó tó 3,000 nínú mílíọ̀nù kan. Láti ìgbà náà, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ ju 50 lọ. Bí imí-ọjọ́ bá jóná, ó máa ń di ásíìdì tó ń ba ọ́ìlì jẹ́. Epo ti sàn báyìí, ṣùgbọ́n eruku àti súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Kumasi ṣì wà níbẹ̀. Nítorí náà, a kì í jẹ́ kí ó kọjá kìlómítà 5,000 tàbí oṣù mẹ́fà.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá lọ́wọ́ọ́wọ́, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ni a máa ń da ọ́ìlì àtijọ́ nù. A ó pààrọ̀ fílítà, a ó rọ tuntun, a ó ṣíná láìtẹ ìjánu epo rárá títí iná ọ́ìlì yóò fi kú. Lẹ́yìn náà ni a ó pa á, a ó dúró díẹ̀, a ó sì tún wọ̀n ọ́n. A máa ń gbé ọ́ìlì àtijọ́ padà fún Máàsítà, a kì í dà á sí gọ́tà. Gálọ́ọ̀nù tó ti ṣófo, a máa ń fi ọ̀bẹ gé e, kí ẹnikẹ́ni má baà rọ ayédèrú sínú rẹ̀ tà fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun kan ṣoṣo ló kù. Máàsítà ní bí ọkọ̀ bá ti ìrìn àjò dé, kí a má pa á lójijì, kí tọ́bò lè tutù díẹ̀. Àwọn ọmọ ló wá ń ka ìṣẹ́jú kan náà ní Yorùbá, láti oókan dé ọgọ́ta. Èyí tó kéré jù ti ń fo márùndínlógójì títí di oṣù tó kọjá, Màámi á sì ní kí ó padà lọ mú un wá. Ní báyìí, kò fo ìkankan mọ́. Bí ó bá ti pe ọgọ́ta, a ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó sì wọlé.