Ọ̀nà Òkè, Ọ̀nà Òkun

Ilẹ̀ Mainland tiwa l'Ékòó tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti Yábàá dé Múṣin, láti Ìtirẹ́ dé Akọ́ka, ibi gíga tí ẹsẹ̀ wa ń gùn kò ju afárá àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti àtẹ̀gùn ilé alájà lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ṣe sí ẹ̀gbẹ́ títì fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, àwọn tó ń pàtẹ ti gba apá kan, ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ ti gba ìyókù. Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́ tó ń fẹsẹ̀ rìn láti Ojúẹlẹ́gbà lọ sí Lawanson, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ rò ni pé kò lówó dánfó lọ́wọ́. Báyìí la ṣe tọ́ àwọn ọmọ wa títí ìrìn fi di ìyà lójú wọn. Ó dùn mí, nítorí àwọn ọ̀nà kan wà nílẹ̀ wa tó jẹ́ pé àfi ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ̀ wọ́n ni yóò mọ ìdí tí àwọn baba wa fi là wọ́n.

Ìrìn ọ̀hún kò jìnnà sí wa bí a ṣe rò. Láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láti ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson, ní Alágómẹ́jì lọ́hùn-ún, lọ sí Ìbàdàn. Ojú irin náà gùn tó kìlómítà 157. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ní Ládérin, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, ti wọ Abẹ́òkúta nìyẹn. Mo fẹ́ràn kí n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé nínú ọkọ̀ yẹn. Lẹ́yìn Agége àti Àgbàdo, ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nká, oko á gba ipò wọn, títí òkúta yóò fi máa yọrí láàrin igbó.

Ní ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tí ogun lé kúrò ní ìlú wọn, tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ aṣáájú wọn, tẹ̀dó síbẹ̀, sí abẹ́ àpáta Olúmọ. Wọ́n rí ihò tó lè bo ìyá àtọmọ, wọ́n rí ibi tí alóre lè dúró sí kó máa ṣọ́ ọ̀nà jíjìn. Òkè náà ga tó mítà 137. Nígbà tí ìjọba tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè sí ẹ̀gbẹ́ àpáta. Ó dáa fún àgbàlagbà àti ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, n kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, ẹ má jẹ́ kó wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó gba pàlàpálá àpáta, níbi tó jẹ́ pé èèyàn gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ kọjá, tí òkúta tutù lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Níbẹ̀ ni yóò ti yé e bí ìwọ̀nba èèyàn tó mú ọfà ṣe lè dá odindi ogun dúró.

Síbẹ̀, Ìdànrè ni ọkàn mi wà jù. Ọkọ̀ Àkúrẹ́ ni èèyàn á kọ́kọ́ wọ̀, kó tó wọ èyí tó ń lọ sí Ìdànrè, ìlú kòkó. Àtẹ̀gùn tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe sí òkè ibẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá fi ìwàǹwára gùn ún, ibi ìsinmi àkọ́kọ́ ni yóò jókòó sí. Àwọn ọmọ ìlú tó ń mú àlejò gòkè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìṣísẹ̀ wọn kì í yára, kì í sì í dúró.

Lókè ni ìlú wà. Ìlú gidi ni mo wí. Ààfin Ọwá, ọba Ìdànrè, wà níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, kóòtù ayé òyìnbó, ojúbọ àti ibi tí wọ́n ń sìnkú sí. Àárín àwọn òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé láti ìran dé ìran, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1920 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Ẹ ro bí ayé wọn ṣe rí nígbà náà. Iṣu, igi ìdáná, páànù tí wọ́n fi bolé, bẹ́ǹṣì tí àwọn ọmọ jókòó lé ní kíláàsì, orí ló ru gbogbo rẹ̀ gòkè. Aboyún gba ibẹ̀. Àgbà tó ń tẹ̀pá gba ibẹ̀. Nígbà tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ náà, tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ẹni tó kọ́kọ́ ru síléètì gòkè wá fún àwọn ọmọ ibẹ̀ ni mò ń rò. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kí i pé ó kú iṣẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n fara dà á pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ogun ni. Ọ̀nà tó ń mú onílé mí hẹlẹ yóò ti dá ọ̀tá tó ru ohun ìjà lágara kó tó rí ilé kan ṣoṣo. Láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí wọ́n fi orúkọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO kí wọ́n lè gbé e yẹ̀ wò bóyá yóò di ogún gbogbo ayé. Lójú tèmi, ó tọ́ sí i.

Ọ̀nà òkun wà nítòsí, ní ìpínlẹ̀ Èkó níbí. Láti Mile 2, títì Àgbádárìgì ló máa gbé yín dé ìlú, ẹ ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà sí Gberefu. Láti etí ọ̀sà yẹn dé etí òkun, ọ̀nà iyanrìn ni. Ó tẹ́, àgbọn wà káàkiri, afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́. Òkè kan kò sí, àtẹ̀gùn kan kò sí, kò sóhun tó máa dá ẹsẹ̀ dúró. Ọ̀nà yìí ni wọ́n mú àwọn ẹrú gbà nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, lọ sínú ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ sí Brazil àti àwọn ilẹ̀ mìíràn lókè òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà, àwọn ará ibẹ̀ sọ pé wọ́n máa ń fún wọn ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà ní Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ó tó kìlómítà 4 láti inú ìlú dé òkun, wọ́n sì kọ́ ẹnu ọ̀nà ńlá sí òpin rẹ̀ ní 1995.

Mo rin ti Gberefu dé etí omi. Kò rẹ̀ mí rárá, ìyẹn gan-an ló sì bà mí nínú jẹ́. Ọ̀nà tó le ló dá ẹ̀mí àwọn Ẹ̀gbá àti ará Ìdànrè sí. Ọ̀nà tó rọrùn ló kó àwọn ará wa lọ, tí wọn kò padà. Wọn kò kọ́ mi ní èyí nílé ìwé. Àfi ìgbà tí mo fẹsẹ̀ rin méjèèjì kó tó yé mi.

Ìdí nìyí tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ìrìn yìí di ohun ìrọ̀rùn. Ohun tí Ìdànrè ń fẹ́ ni irin tó lágbára tí èèyàn lè dì mú, omi mímu, àti owó tó jọjú fún àwọn ọmọ ìlú tó ń tọ́ àlejò sọ́nà. Ohun tí Gberefu ń fẹ́ ni kí wọ́n má jẹ́ kí ilé ìgbafẹ́ àti ìdọ̀tí bo ọ̀nà náà mọ́lẹ̀. Bí wọ́n bá fi ọ̀kadà lọ̀ yín níbẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì máa fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ẹ̀yin òbí ní Yábàá, Súrùlérè àti Múṣin, ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé. Ẹ mú àwọn ọmọ rìn létí ọ̀sà Yunifásítì Èkó ní Akọ́ka lọ́jọ́ Sátidé, kí ẹsẹ̀ wọn mọ́ra. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ mú wọn lọ sí Ìdànrè, nítorí òkúta a máa yọ̀ nígbà òjò. Ẹ wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú, ẹ gbé omi dání, ẹ gùn ún kí oòrùn tó mú. Ẹ gba ọmọ ìlú kan kó ṣíwájú yín, kí ẹ sì san owó rẹ̀ pé. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ọdún náà tó parí, ẹ mú àwọn ọmọ kan náà lọ sí Gberefu.