Lẹ́tà Iṣẹ́ Náà

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbàdúrà fún iṣẹ́ kan. Nígbà tí lẹ́tà rẹ̀ dé, ayọ̀ náà kò pé ọjọ́ méjì. Mo jókòó nínú yàrá mi ní Ṣàngó, ariwo ọjà ń wọlé láti ojú fèrèsé, ọkàn mi sì ṣófo.

Mo rántí Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Ẹ̀rọ tí ń tẹ títì ni ó ń wà fún ìjọba nígbà tí ó gbọ́ ìpè Ọlọ́run ní 1928. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní 1930, ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ nípasẹ̀ rẹ̀ ní Òkè-Oòyè, Iléṣà.

Èmi kò fi tèmi sílẹ̀ o. Onílé ń retí owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo kúnlẹ̀ láìtọrọ ohunkóhun. Mo ní, “Baba, Ìwọ gan-an ni mo ń wá.” Oorun tí mo sùn, ó ti pẹ́ tí mo ti sun irú rẹ̀.