Ẹni tí Ń Bèèrè àti Ẹni tí A Ń Bi

Iṣẹ́ ìbéèrè ni iṣẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí a ti fi mí ṣe alábẹ̀wò ilé-ìwé, n kò sì lè ka iye ìgbà tí mo ti wọ yàrá ọ̀gá ilé-ìwé lọ, tí mo ṣí ìwé mi sílẹ̀, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí wádìí: Ọmọ mélòó ni ó wà ní kíláàsì kẹta? Ǹjẹ́ ìwé kíkà tó? Ǹjẹ́ ẹ ń lò wọ́n? Ìdáhùn a máa dára, inú mi a máa dùn, n ó sì wọ ọkọ̀ mi lọ. Ojú mi kò là sí ohun tí ó wà nídìí irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ títí di oṣù kẹjọ ọdún 2018, nígbà tí mo lọ lo ìsinmi lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin ní Paspanga.

Paspanga jẹ́ àdúgbò kan láàárín ìlú Ouagadougou, tí í ṣe olú-ìlú Burkina Faso. Nílé wa, a kò mọ orúkọ mìíràn fún obìnrin náà ju Ìyá Paspanga lọ. Ọkọ rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó mú un lọ síbẹ̀ nígbà èwe rẹ̀. Aṣọ ni wọ́n jọ ń tà. Ọkọ ti kú, ṣùgbọ́n ìyá kò padà wálé mọ́, ó sì ń sọ èdè àwọn Mossi bí ẹni tí a bí sí i.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé ojú ọ̀run ya, ọmọbìnrin kan kan ilẹ̀kùn wa. Omi ń kán lára rẹ̀, ẹrẹ̀ ti bo bàtà rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rá wé ìwé rẹ̀ kí ó má baà tutù. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ìwádìí ọjà ni ó rán an. Kí n tó dé ni ó ti fún ìyá ní páálí kékeré méjì tí kò sí orúkọ lára wọn bí kò ṣe nọ́ńbà. Ohun amọ́bẹ̀dùn ni ó wà nínú wọn, irú èyí tí gbogbo ayé ń pè ní magí. Kí ìyá fi ọ̀kan se ọbẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ó fi èkejì se é ní ọjọ́ mẹ́ta mìíràn, kí ó sì sọ èyí tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìyá fún un ní àga, ó po tíì gbígbóná fún un, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Méjèèjì dára. Òórùn wọn dára. Àwọn ọmọ ilé fẹ́ràn wọn. Òun yóò rà wọ́n bí òun bá rí wọn lọ́jà. Ọmọbìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fún ìyá ní ọṣẹ ìfọṣọ kan, ó dúpẹ́, ó sì lọ.

Nígbà tí ó jáde tán ni mo bèèrè èyí tí ó dùn jù nínú méjèèjì. Ẹ̀rín ni ìyá kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Ó ní òun kò fi ẹnu kan ọ̀kankan nínú wọn. Irú, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní súḿbálà, ni òun fi ń sebẹ̀, òun sì ti fi páálí méjèèjì ta aládùúgbò òun lọ́rẹ.

Mo ní, “Màmá, èé ṣe tí ẹ kò fi sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà?”

Ó ní, “Àkànní, ọmọ ọlọ́mọ rin inú òjò wá sí ilé mi, kí n wá sọ fún un pé ohun tí ó gbé wá kò wúlò? Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣé wọn kò ní sọ pé kò ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa? Ìwọ náà tí o ń lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé, ṣé o rò pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ fún ọ?”

N kò rí èsì fún un. Mo jókòó ní yunifásítì ìlú òyìnbó fún ọdún mẹ́ta, mo kọ́ bí a ti ń to ìbéèrè àti bí a ti ń ṣírò ìdáhùn, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi níbẹ̀ nípa ọmọ tí ó rin inú òjò wá, etí mi kò gbọ́ ọ.

Èyí ni ó mú kí n fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti rí lọ́dọ̀ ẹni tí a ń bi. Nígbà tí mo padà sí Ìbàdàn, mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tí ń padà lọ bá àwọn ènìyàn kan náà léraléra, kí wọ́n lè mọ bí ọkàn wọn ti ń yí. Ọgbọ́n náà kì í ṣe tuntun: ní 1940, Paul Lazarsfeld àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yan 600 ènìyàn ní Erie County, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń bi wọ́n léèrè lóṣooṣù nípa ìbò ààrẹ tí ń bọ̀. Orí fóònù ni wọ́n ti ń bi èmi, owó ìpè díẹ̀ ni ẹ̀bùn rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi o: oṣù kan kò tíì pé tí mo ti ń ṣe bíi ti ìyá. Wọ́n bèèrè iye wákàtí tí mo fi ń kàwé lójúmọ́. Mo kọ méjì, bóyá ni ó sì tó ààbọ̀. Wọ́n bèèrè irú tíì tí mo ń mu. Mo dárúkọ èyí tí ó wọ́n jù. Kò sí ẹni tí ó rí mi, kò sí òjò kankan, síbẹ̀ ojú ń tì mí níwájú ẹ̀rọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dán irú rẹ̀ wò, ẹ mọ̀ pé àwọn tí ń ṣe é lódodo kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ olùdáhùn. Ẹni tí ó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó, oníjìbìtì ni. N kò sì tíì rí ẹni tí ó tipa rẹ̀ là.

Ìdáhùn lè pọ̀ rẹpẹtẹ kí ó má sì tó. Kí ilé-iṣẹ́ Coca-Cola tó yí adùn ohun mímu rẹ̀ padà ní oṣù kẹrin 1985, nǹkan bí 200,000 ènìyàn ni wọ́n fún tọ́ wò. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ariwo àwọn ará Amẹ́ríkà fi mú kí wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Ìtọ́wò náà bèèrè èyí tí ó dùn; kò bèèrè bí yóò ti rí lára ẹni tí a bá gba ohun tí ó mọ́ ọn lára lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní 2019, wọ́n yan díẹ̀ nínú wa fún ìfọ̀rọ̀wérọ̀ gígùn nípa ìwé kíkà àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá mi jókòó fún wákàtí kan ààbọ̀. Mo ti to ìdáhùn mi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò bi mí bóyá ìwé náà dára. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìgbà wo ni ẹ rí ọmọ tí ó ń kà á kẹ́yìn? Níbo ni? Kí ni ọmọ náà ń ṣe?” Ẹnu mi gbẹ. Mo rántí ìwé tí a tò sórí tábìlì dè mí. Mo rántí ọmọ tí ó dìde, tí ó ka ojú-ewé kan geere, bóyá láìwo ìwé pàápàá. Ọmọ tí ó jókòó jẹ́jẹ́, tí ó ń kà á láìmọ̀ pé mo ń wo òun, n kò rántí ẹyọ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sọ nǹkan kan. Ó dákẹ́, ó ń dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ sí ilé-ìwé kan tí mo ti kọ “ìwé tó, wọ́n sì ń lò ó” sí ìròyìn rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta gbáko. N kò ṣí ìwé mi. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, mo sì ní kí olùkọ́ kíláàsì kẹrin, obìnrin tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ, sọ fún mi nípa ìgbà tí àwọn ọmọ lo ìwé náà kẹ́yìn. Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Mo bẹ ọ̀gá pé kí ó fún wa láyè díẹ̀. Nígbà náà ni obìnrin náà mú kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó wà ní igun yàrá. Ogójì ìwé ni ó wà níbẹ̀. Ọgbọ̀n nínú wọn ṣì wà nínú ọ̀rá tí a fi wé wọn wá.

Ó ní, “Èyí tí ó bá sọnù, owó oṣù wa ni yóò san án, sà. Bí ẹ bá ń bọ̀ ni a máa ń kó mẹ́wàá jáde.”

Mo bi í pé èé ṣe tí kò sọ ọ́ láti ọdún mẹ́ta.

Ó ní, “Ẹ bèèrè bóyá ìwé tó, sà. Ó tó.”

Ó gbà mí ní oṣù méjì àti lẹ́tà mẹ́rin kí wọ́n tó pa òfin owó oṣù náà rẹ́ ní ilé-ìwé yẹn. Ní ìparí tááḿù tí ó tẹ̀ lé e, ìwé méjì ti sọnù, ẹ̀yìn mọ́kànlá sì ti ya. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an sínú ìròyìn mi.