Kì í Ṣe Ẹ̀mí Ìbínú

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n, pàápàá ẹ̀yin baálé ilé, ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan fún yín.

Nígbà tí ìyàwó wa pé ẹni ọdún 49, àlàáfíà ilé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́. Bí ọyẹ́ ti wù kó mú tó, yóò ṣí fèrèsé sílẹ̀ láago méjì òru, òógùn a sì máa ṣàn lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan a di ẹkún. Nǹkan oṣù rẹ̀ ń fo oṣù méjì, mẹ́ta. Àwa kò bi í léèrè rárá. Ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni a kéde, a sì sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọ pé kí wọ́n bá wa bá ẹ̀mí ìbínú wí nínú ilé wa. Ìyàwó wa jókòó níbẹ̀, kò fèsì. Nígbà tí a délé, ó ní, "Dádì, ẹ dójú tì mí lójú àwọn tó ń pè mí ní Màmá."

Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló là wá lọ́yẹ̀. Ó ní ẹ̀yà ara kékeré kan wà lábẹ́ ọpọlọ, tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Pitúítárì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń ránṣẹ́ sí ilé ẹyin obìnrin pé kó ṣe họ́mónù tó ń jẹ́ ẹ́sítírójìn. Bí ẹ́sítírójìn bá pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, pitúítárì a dẹwọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin bá wà láàárín ẹni ọdún 45 sí 55, ilé ẹyin a dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ẹ́sítírójìn a sì lọ sílẹ̀. Bí pitúítárì kò bá gbọ́ èsì mọ́, ńṣe ni yóò máa pariwo: họ́mónù rẹ̀ tí àwọn dókítà ń pè ní FSH a ga nínú ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ọpọlọ ti ń díwọ̀n ooru ara a sì máa ka ooru díẹ̀ sí ooru ńlá.

Ó tún sọ nípa àwọn adírínà méjì tó jókòó lórí kíndìnrín bí fìlà. Lẹ́yìn tí ilé ẹyin bá ti dákẹ́, nínú họ́mónù tí àwọn wọ̀nyí ń ṣe ni ọ̀rá ara ti ń rí ẹ́sítírójìn díẹ̀ ṣe. Àwọn kan náà ló ń tú họ́mónù sẹ́jẹ̀ nígbà ìpayà àti ìjà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ara tó ń là kàkà láti tún ara rẹ̀ tò, ẹ̀yin tún ń gbé ìjà kò ó."

Ojú tì wá. Àdúrà kò burú o. Àìbéèrè wa ló burú. Níwájú àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ni a ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà a bá a lọ rí dókítà, a gbé fáànù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, a sì kọ́ bí a ṣe ń pa ẹnu mọ́.

Ẹ̀yin baálé, ẹ bèèrè kí ẹ tó bá ẹ̀mí kankan wí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe dá a gbé mọ́ra. Bí ọdún kan bá sì kọjá láìrí nǹkan oṣù, tí ẹ wá tún rí ẹ̀jẹ̀, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ má ṣe sọ pé ọjọ́ orí ni. Ẹ tètè lọ sí ọsibítù.

Màmá ti ka ọ̀rọ̀ yìí kí a tó fi ránṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a fi kún un pé fèrèsé ṣì wà ní ṣíṣí.