Oṣù Mẹ́fà Lẹ́nu Ìkọ́ṣẹ́ Kọ̀ǹpútà ní Alágbàká

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà ní yunifásítì mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò wọlé, tí yóò ní òun ń wá ibi tí òun yóò ti fi oṣù mẹ́fà kọ́ṣẹ́. SIWES ni orúkọ ètò náà. Àjọ ITF, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1973, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ ń ráhùn pé àwọn tí ó ń jáde ní ilé ẹ̀kọ́ gíga mọ ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò mọ iṣẹ́. Ibi tí ọmọ yóò ti kọ́ṣẹ́ yìí a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé, nítorí owó òbí wà nínú rẹ̀, ọjọ́ iwájú ọmọ sì wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2023 ni ó kàn mí. Ọmọ Oǹdó ni mí. Olùkọ́ ni bàbá mi, ìyá mi sì ń ta ẹja gbígbẹ. FUTA ni mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ìyẹn yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ sí Àkúrẹ́ ní ọdún 1981. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, ó di Èkó. Wọ́n ní Yábàá ni ìdí iṣẹ́ náà wà, àti pé Mark Zuckerberg tí ó ni Facebook pàápàá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ibẹ̀ ní ọdún 2016. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi kò ní ẹbí tí mo lè dé sí lọ́dọ̀ ní Èkó, owó ilé oṣù mẹ́fà níbẹ̀ sì lè gbé gbogbo ọjà ìyá mi lọ. Nítorí náà, Alágbàká ni mo wá iṣẹ́ lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ṣé inú fáìlì ìjọba ni o ti fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà?"

Ẹ jẹ́ kí n júwe ibẹ̀ fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní ẹnu géètì FUTA, yóò gba àárín ìlú dé Ọjà Ọba, níbi tí ariwo àwọn aláṣọ àti àwọn aláta kò ti jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ ń wí. Yóò tọ Ọ̀nà Ọba Adésìdà, èyí tí wọ́n fi sọrí Déjì tí ó jọba láti ọdún 1897 títí di ọdún 1957. Bí ó bá ti ń sún mọ́ Alágbàká, ariwo yóò máa rọlẹ̀, igi yóò máa pọ̀ sí i. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀. Alágbàká ni ìjọba fi ṣe ibùjókòó. Ọ́fíìsì gómìnà wà níbẹ̀, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà níbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tò lọ rẹrẹ, ẹ̀ka Báńkì Àpapọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, ẹ ó rí àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbé fáìlì há abíyá, àti àwọn tí ń ṣe fọ́tòkọ́pì lábẹ́ agboòrùn. Ní ọ̀sán, òórùn iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí a máa pe òṣìṣẹ́ jáde. Bí agogo mẹ́rin bá ti lù, ibẹ̀ a dá wáí. Bí aṣọ ti pọ̀ ní Ọjà Ọba ni ìwé pọ̀ ní Alágbàká. Ibi tí ìwé bá sì pọ̀ sí ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wà.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ilé iṣẹ́ tí ó gbà mí wà. Àwa mẹ́jọ péré ni a wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀gá. Ètò tí ilé ìwé fi ń ka owó àwọn ọmọ, àti èyí tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù fi ń ka owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ni a ń ṣe. Mo ti gbọ́ nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó jẹ́ pé oúnjẹ ni wọ́n fi ń rán wọn fún oṣù mẹ́fà. Ti èmi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ètò tí àwọn mìíràn ti kọ ni ọ̀gá ní kí n máa kà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún mi ní iṣẹ́ kéékèèké. Ohunkóhun tí mo bá kọ, àgbà kan gbọ́dọ̀ kà á kí ó tó wọ inú ètò, gẹ́gẹ́ bí télọ̀ ti í yẹ ojú rírán ọmọ iṣẹ́ wò kí oníbàárà tó gba aṣọ. Irinṣẹ́ kan tí à ń pè ní Git, tí Linus Torvalds ọmọ ilẹ̀ Finland ṣe ní ọdún 2005, ń pa gbogbo àtúnṣe mọ́: ọjọ́ tí a ṣe é, ohun tí a yí padà, àti orúkọ ẹni tí ó ṣe é. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun kọ́.

Ìnira náà wà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú gorí àléfà, ó sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, owó epo ju ìlọ́po méjì lọ. Owó ọkọ̀ mi gun òkè, jẹnẹrétọ̀ wa sì di ohun tí a ń tàn fún wákàtí mẹ́ta péré lóòjọ́. A kọ́ láti ronú lórí ìwé kí iná tó dé.

Ní oṣù Keje ni ìyá aláṣọ kan láti Ọjà Ọba gun àtẹ̀gùn wa, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ètò wa ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ ń lò. Ó fẹ́ yá owó láti fi ra ọjà ọdún, akọ̀wé ẹgbẹ́ sì ní owó rẹ̀ kò tó, nítorí ìdajì oṣù tí ó dáwó ni kọ̀ǹpútà rí. Ó gbé ìwé pélébé tí wọ́n ń kọ owó rẹ̀ sí lé orí tábìlì. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi dá owó yìí. Ṣé iwin ni ó dá ìyókù ni?"

Ọ̀gá ní kí n wá ìdí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wá a. Ohun tí mo rí nìyí. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Àwọn tí ń ṣe ìlànà Unicode ni ó fún lẹ́tà gbogbo ayé ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà "é" ni 233, ti "ẹ" ni 7865. Àmì ohùn òkè nìkan ní 769, àmì ìsàlẹ̀ nìkan ní 803. Ṣùgbọ́n "ẹ́", tí ó parí orúkọ Àkúrẹ́ gan-an, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti fi méjì kọ ọ́. Ẹni tí ó bá kọ "ẹ" kí ó tó fi ohùn lé e lórí yóò ní 7865 àti 769. Ẹni tí ó bá kọ "é" kí ó tó fi àmì sí i nísàlẹ̀ yóò ní 233 àti 803. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, orúkọ ènìyàn méjì ni. Akọ̀wé méjì ni ó ti ń tẹ orúkọ ìyá yìí, olúkúlùkù ní ọ̀nà tirẹ̀, owó rẹ̀ sì pín sí ọ̀nà méjì.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà iṣẹ́ ní kí a yọ gbogbo àmì kúrò nínú orúkọ, kí a sì sinmi. Mo fi ìwé ẹgbẹ́ náà hàn án. Ẹni tí ń jẹ́ Òkè wà níbẹ̀, ẹni tí ń jẹ́ Ọ̀kẹ́, orúkọ ọmọ tí a bí tòun ti àpò, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá yọ àmì, àwọn méjèèjì di Oke, owó ẹnìkan sì lè bọ́ sápò ẹlòmíràn. Orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Unicode fúnra rẹ̀ ti ṣe ìlànà tí ó ń to àwọn àmì sí ipò kan náà, bí ó ti wù kí a tẹ̀ wọ́n. Ìlà kan péré ni mo fi kún ètò láti lò ó. Ọ̀gá kà á, a dán an wò lórí gbogbo ìwé ẹgbẹ́, orúkọ tí ó ti pín sì padà di ọ̀kan. Ìyá náà gba owó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó lọ ra ọjà.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ SIWES mi, tí ọ̀gá ń fọwọ́ sí lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta náà kò gbà ju ìlà mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí iṣẹ́ yìí jẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí ó lọ sí Yábàá rí ètò tí ó tóbi ju tèmi lọ, n kò ní jiyàn. Èmi rí ẹni tí ń lo ètò náà lójúkojú, mo sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fi owó ọjà ránṣẹ́ sí Èkó, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ gba ọmọ yín: Ta ni yóò máa ka iṣẹ́ rẹ̀? Ta ni ń lo ohun tí wọ́n ń ṣe? Ǹjẹ́ ọmọ náà lè bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀? Bí ìdáhùn bá dára, ì báà ṣe Èkó, ì báà ṣe Oǹdó, ì báà ṣe òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Alágbàká, ẹ jẹ́ kí ó lọ. Bí kò bá sì dára, orúkọ ìlú ńlá kò ní kọ́ ọ níṣẹ́.