Ta Ni Yóò Ké Sí Ará Ìlú Láti Kó Ẹrẹ̀ Adágún?

Àsìkò òjò kan ṣoṣo ni ọdún ní ní ìgbèríko Parakou. Ó ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún, ó sì ń parí ní oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọyẹ́ ń dé: koríko á gbẹ, odò kéékèèké á di iyanrìn, àgbẹ̀ á sì máa wo ojú ọ̀run fún bí oṣù márùn-ún. Abúlé tí ó bá fi omi òjò pamọ́ ń gbin tòmátì, ilá àti àlùbọ́sà ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Abúlé tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ń wo àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ bí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Cotonou tàbí sí Nàìjíríà. Àwọn àgbà Yorùbá ti wí i tipẹ́ pé ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.

Adágún abúlé kò ṣòro láti ṣe. Ògiri ilẹ̀ tí wọ́n kì dáadáa ni wọ́n ń fi dí ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, wọ́n á sì fi òkúta tẹ́ ojú ọ̀nà tí omi àkúnya yóò gbà jáde, kí ó má baà wó ògiri náà. Òmíràn jẹ́ kòtò ńlá tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba àti àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkè òkun ṣe ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ sí Borgou àti Alibori, pàápàá nítorí màlúù. Ìtọ́jú rẹ̀ ni ó ṣòro. Bí wọ́n bá ro oko dé etí omi, tí wọ́n sì gé àwọn igi tí ó wà lókè rẹ̀, gbogbo òjò ńlá ni yóò máa gbé erùpẹ̀ wọ inú rẹ̀. Pátákò màlúù á máa jẹ ògiri rẹ̀, oògùn tí wọ́n fín sí òwú á sì máa ṣàn wọlé. Ariwo kankan kò ní sọ nígbà tí ó bá ń kú. Ẹrẹ̀ á máa ga lọ́dọọdún, omi á máa dín kù, títí di ọdún tí adágún yóò gbẹ kí oṣù kìíní tó parí.

Kí ará ìlú Parakou má ṣe pe èyí ní ọ̀ràn ará oko. Omi ẹ̀rọ tí ìlú ń mu ń ti adágún Okpara wá, èyí tí wọ́n sé ní Kpassa, ní ilẹ̀ Tchaourou. Odò Okpara yìí kan náà ni ó pààlà láàrin Benin àti Nàìjíríà ní apá kan, kí ó tó dà pọ̀ mọ́ odò Ouémé. Erùpẹ̀ àti oògùn tí ó bá kúrò ní oko lókè odò, ọ̀nà ìlú ni ó ń tọ̀.

Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀, nígbà náà, ni ti ẹni tí yóò ké sí ènìyàn láti kó ẹrẹ̀. Láàrin àwọn Yorùbá, iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe ní orúkọ, ó sì ní òfin. Àáró ni ti àwọn tí ń bá ara wọn ro oko lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wẹ̀ ni ti ẹni tí ó pe ọ̀pọ̀ ènìyàn sí iṣẹ́ rẹ̀, tí ó sì bọ́ wọn. Iṣẹ́ ìlú ni ti ọba: akéde á lu agogo, baálé á kó àwọn ọkùnrin agbo ilé rẹ̀ jáde, wọ́n á yẹ ọ̀nà, wọ́n á sì tún ojú omi ṣe. Àwọn Bàrìbá, Dẹ́ńdì àti Fúlàní tí wọ́n jọ ń gbé Parakou náà mọ ohun tí ìpè láti ààfin jẹ́.

Ìpè yìí ni àwọn Faransé bà jẹ́. Wọ́n sọ olóyè di ẹni tí ń kó ènìyàn lọ sí iṣẹ́ ipá: ọ̀nà ọkọ̀, ojú irin, ẹrù rírù. Nígbà tí òfin fi òpin sí iṣẹ́ ipá ní 1946, inú gbogbo ènìyàn dùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn tí ó pe baba sí iṣẹ́ ipá ni ohùn kan náà tí ó ń pe ọmọ sí etí adágún, ẹ̀rù sì ti ba ọmọ. Ní ìgbà ìṣèjọba Kérékou, láàrin 1972 sí 1990, ìjọba tún gba agbára lọ́wọ́ àwọn ọba, ó pè é ní ìjà sí ìwà àtijọ́. Ìpè dákẹ́, kò sì sí ohun tí ó rọ́pò rẹ̀.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ibòmíràn. Ní erékùṣù Sri Lanka, àwọn ọba fi adágún kún ilẹ̀ gbígbẹ. Ìtàn sọ nípa Parakramabahu Kìíní, ẹni tí ó jọba ní Polonnaruwa láti 1153 sí 1186, pé ó pàṣẹ kí omi òjò má ṣe ṣàn lọ sínú òkun láìṣe ènìyàn ní àǹfààní. Àwọn adágún abúlé tò tẹ̀lé ara wọn nísàlẹ̀ àfonífojì, omi tí ó bá kúrò nínú ti òkè á bọ́ sínú ti ìsàlẹ̀. Igi ní ipò tirẹ̀ lókè adágún, koríko sì ń sẹ́ erùpẹ̀ kí omi tó wọlé. Ní 1832, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé rajakariya, iṣẹ́ tí ará ìlú ń ṣe fún ọba. Ìnilára wà nínú iṣẹ́ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun náà ni wọ́n fi ń tún ògiri adágún ṣe. Ọ̀pọ̀ adágún sì bà jẹ́. Ní 1856, Gómìnà Henry Ward ní láti ṣe òfin tí ó dá àṣà omi àwọn abúlé padà, tí ó sì fi í sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn. Ìpè padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn tí ń jẹ nínú omi ni ó bọ́ sí.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún Borgou nìyí. Kí ọba ké sí ènìyàn, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tí Bàrìbá, Yorùbá àti Fúlàní yóò jọ dá lóhùn ní ọjọ́ kan náà. Kí ìgbìmọ̀ omi mú ìwé owó lọ́wọ́, kí obìnrin tí ń gbin ẹ̀fọ́ àti darandaran tí ń fún màlúù lómi jókòó nínú rẹ̀, nítorí pé ìgbìmọ̀ tí kò ní darandaran nínú ni yóò dí ọ̀nà màlúù, ìjà ni yóò sì bí. Kí ìjọba ìbílẹ̀ rán ẹni tí ó mọ ìṣirò ògiri wá. Òfin omi ti 2010 wà nílẹ̀. Ní 2025, ilé aṣòfin tún fọwọ́ sí òfin lórí ipò àwọn ọba àti olóyè ìbílẹ̀. Oyè tí òfin mọ̀, tí kò ní iṣẹ́, aṣọ lásán ni.

Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó wà ní Cotonou, ní Paris tàbí ní Èkó sábà máa ń fẹ́ fi owó símẹ́ǹtì ránṣẹ́, nítorí pé símẹ́ǹtì ṣe é yà ní fọ́tò. Ẹrẹ̀ kíkó kò ṣe é yà, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni adágún ń béèrè rẹ̀. Ọdún Gaani ní Nikki ń tẹ̀lé oṣù ojú ọ̀run, ọjọ́ rẹ̀ sì ń yí káàkiri inú ọdún. Iṣẹ́ adágún kò lè yí bẹ́ẹ̀. Oṣù kejì àti oṣù kẹta ni tirẹ̀, nígbà tí omi ti fà sẹ́yìn tí òjò kò sì tíì dé. Ẹrẹ̀ tí wọ́n bá kó jáde, oko ni kí ó lọ, nítorí ọ̀rá ilẹ̀ wà nínú rẹ̀. Oúnjẹ àwọn tí ń kó o ni kí ẹgbẹ́ san, bí olówó ọ̀wẹ̀ ti ń ṣe, kí ọjọ́ náà sì wà nínú ìwé ẹgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ ìwúyè.