Bẹ́líìtì Ìkẹyìn ní Monts-Valin

Ní Monts-Valin, ní Québec, yìnyín bo igbó títí ojú kò fi rí òpin. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ a máa ṣú níbẹ̀ kí agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ibẹ̀ ni bẹ́líìtì motoneige wa, onítọ́ọ̀bò, ti já. A fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Láìpẹ́, òun náà ń rùn bíi rọ́bà tó ń jóná. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù.

Amọ̀nà wa kò kánjú fi í sí i. Ó fi irin gbọọrọ wọn kẹ̀kẹ́ méjì tí bẹ́líìtì ń gbà yí: wọn kò gún régé síra wọn. Ó fi wáṣà tẹ́ẹ́rẹ́ kún ẹ̀yìn èkejì, ó tún un wọ̀n, kó tó so bẹ́líìtì náà. Òun ló gbé wa délé.

Ẹni tó ń pààrọ̀ ohun tó já, tí kò wá ohun tó já a, yóò máa pààrọ̀ títí.